Ọmọ mi ọdún mẹ́fà ń kọ́ ijó ballet: kí ni iṣẹ́ tèmi nínú rẹ̀?

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́fà, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin tó ti bẹ̀rẹ̀ ijó ballet, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ ọ. Nínú ilé, kò sí ibi tí kì í jó dé: ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn àga. Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, á dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, omijé á bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo rò pé èmi gan-an wà lára ohun tó fà á. Tíṣà rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣí síta bíi tàwọn tó kù. Mo lọ wá fídíò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a na ẹsẹ̀ lálaalẹ́. Màá fi ọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ wálẹ̀, màá ní kó fara dà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun ò fẹ́ lọ síbi ijó mọ́. Ẹnì kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ fún un, pé orí rẹ̀ á wú. Èmi ò jó ballet rí, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe dúró tì í láì ba nǹkan jẹ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹkún ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi sunkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ohun tó bá wa tán an ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í tètè débẹ̀. Nígbà tá a máa ń pẹ́, yàrá á ti kún kó tó wọlé, orin á ti máa dún, gbogbo ojú á yí sí i. Nígbà tá a wá ń fi ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, á ti tọ̀, á ti wọ bàtà, á ti sáré yí yàrá náà ká nígbà tó ṣì ṣófo, tíṣà á sì ti pè é lórúkọ. Màá wá dágbére ní ṣókí: "Mo wà níta, tẹ́ ẹ bá parí màá rí ẹ." Mi ò ní pa dà wá yọjú. Tí òbí bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bẹ ọmọ títí, ńṣe lọmọ á rò pé nǹkan ẹ̀rù wà nínú ilé yẹn lóòótọ́.

Tíṣà Ijó

Ọdún 22 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ballet kí n tó fẹ̀yìn tì. Mà, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ dá títẹ orúnkún yẹn dúró láti alẹ́ òní. Mi ò fi bá yín wí o, ìfẹ́ ló mú yín ṣe é.

Ṣíṣí ẹsẹ̀ síta nínú ballet kì í wá láti àtẹ́lẹsẹ̀, kì í sì í wá láti orúnkún. Inú oríkèé tó so itan mọ́ ìbàdí ló ti ń wá, bí egungun ibẹ̀ sì ṣe rí lára ọmọ kan yàtọ̀ sí bó ṣe rí lára ẹlòmíì. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Tí ibẹ̀ bá ti yí dé ibi tó lè yí dé, tẹ́ ẹ wá fi ipá yí àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ ló máa lọ́. Bí ìlẹ̀kùn ni orúnkún rí: ó mọ ṣíṣí, ó mọ pípadé, kò mọ lílọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ṣí ẹsẹ̀ díẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí, ó ń ṣe dáadáa. Ẹ pa dà lọ bá tíṣà rẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó ní lọ́kàn gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ lásán lẹ ti gbé lọ sílé bí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Àwọn ohun tá à ń kọ́ wọn ní ọjọ́ orí yẹn ni gbígbọ́ orin, mímọ ìgbà tí ìlù yí pa dà, fífò, sísáré láì kọlu ẹlòmíì, kíká orúnkún fúnra wọn kí wọ́n sì rọra nà án, dídúró de ẹni tó kàn. Ọmọ tó bá ti mọ ìwọ̀nyẹn lọ́dún mẹ́jọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáa ju ti ẹni tó lè la ẹsẹ̀ kanlẹ̀ àmọ́ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ orin.

Ní ti bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní pointe, rárá o. Ó kéré tán, kọ́mọ tó pé ọdún 11 tàbí 12, kó sì ti fi ọdún mélòó kan kọ́ṣẹ́ léraléra lọ́sẹ̀, kí tíṣà sì ti yẹ agbára ọrùn-ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ wò. Ọjọ́ orí nìkan ò tó. Mo ti ní kí ọmọ ọdún 13 ṣì dúró rí. Egungun ẹsẹ̀ ọmọ yín ṣì rọ̀, ó ṣì ń dàgbà, bàtà yẹn á sì gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ka orí ìka. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn ò mọ̀ ni.

Lálẹ́, dípò nínà, ẹ ní kí òun kọ́ yín. Kó ṣe tíṣà, kẹ́yin ṣe ọmọ kíláàsì. Tó bá ṣi ìgbésẹ̀ kan ṣe, ẹ̀yin ẹ ṣì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má tún un ṣe.

Gbénró

Mo bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Àwọn tá à ń rí lórí ìtàgé ńlá, láti kékeré ni wọ́n ti ń fojú winá. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Lálaalẹ́ ló ń la ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á sì fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó ń sunkún nígbà míì, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ báyìí. Tó bá jẹ́ ohun tó rọ ọmọ lọ́rùn nìkan la ó máa ṣe, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀?

Tíṣà Ijó

Bàbá, òótọ́ ni pé ballet ń fẹ́ ìforítì. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ballet Vaganova ní St Petersburg nílẹ̀ Rọ́ṣíà, tó ti wà láti 1738, ọmọ bíi ọdún 10 ni wọ́n ń gbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní. Lójoojúmọ́ sì ni ojú tó mọ iṣẹ́ ń ṣọ́ ọmọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní pálọ̀. Misty Copeland ti di ọmọ ọdún 13 kó tó bẹ̀rẹ̀, ní 2015 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò oníjó àgbà jù lọ nínú ẹgbẹ́ oníjó American Ballet Theatre. Mi ò fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀bùn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sóhun tó ń lé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án.

Ọmọ tó ń sunkún nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ìforítì kọ́ nìyẹn. Ó ń dùn ún ni.

Onífísíò

Àwọn ọmọ tó ń jó àtàwọn tó ń sáré ni mò ń tọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Gbénró, ẹ ka èyí dáadáa. Tí ọmọ bá ń la ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, ara á sọ fún un pé ó tó, á sì dúró. Tí ẹlòmíì bá ń tẹ̀ ẹ́, kò lè dúró. Lára ọmọ tó ń dàgbà, ibi tí iṣan ẹ̀yìn itan ti so mọ́ egungun ìdí ò tíì le tán. Nígbà míì, iṣan á yè, egungun kékeré tó so mọ́ ni yóò já. Ẹ bi í bóyá ó ń dùn ún nísàlẹ̀ ìdí tó bá jókòó sórí àga líle. Ẹ bi í nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Fún gbogbo òbí tó kù: ara tó ro ọmọ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì kíláàsì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ tọ́mọ bá ń tiro, tí oríkèé wú, tí ìrora ń jí i lójú oorun, tàbí tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń dùn ún tí ìsinmi ọjọ́ mélòó kan ò sì mú un lọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Láàárín ọdún mẹ́jọ sí 14, gìgísẹ̀ lè máa dun ọmọ tó ń fò púpọ̀, torí egungun ibẹ̀ ṣì ń dàgbà, iṣan ẹ̀yìn ọrùn-ẹsẹ̀ sì ń fà á. Ó máa ń lọ, ṣùgbọ́n á gba pé kí fífò dín kù fúngbà díẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nígbà tó bá yá. Tí ọmọ bá ń ga kíákíá, egungun á gùn ṣáájú iṣan. Ọmọ tó ti ń dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ tó ti ń ròkè á wálẹ̀. Òbí á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ara tuntun ló gbé wọ̀, kò sì tíì mọ̀ ọ́n lò.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, aago mélòó ni kíláàsì rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà sí 12 nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án sí 12 lójúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwé ló ti ń bọ̀ tààrà, ẹkún yẹn lè má ju ebi àti àárẹ̀ lọ.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mà, ilé ìwé la sì ti ń lọ tààrà. Kì í jẹ nǹkan kan títí a ó fi délé. Mi ò tiẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti dá nínà yẹn dúró.

Bàbá Akin

Ọkùnrin ni tèmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé pé ijó obìnrin ló ń jó. Odindi oṣù méjì ni kò fi sọ fún mi, ńṣe ló ń fi bàtà ijó rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìwé nínú báàgì. Ìgbà tí mo rí i, inú mi bà jẹ́ gan-an.

Mo sọ ìtàn fún un. Louis kẹrìnlá, ọba Faransé, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó jó ipa oòrùn ní 1653, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ọba Oòrùn. Ní 1661 òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ ijó aládé sílẹ̀ ní Paris. Àní ó di 1681 kí obìnrin tó fi ijó ṣe iṣẹ́ lórí ìtàgé Opéra ti Paris, ọkùnrin ló ń jó o tẹ́lẹ̀, títí kan ipa obìnrin. Ọmọ mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìtàn yẹn kọ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ fúnra mi, tí mo ń jókòó níta pẹ̀lú àwọn ìyá, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán rọ́bà mọ́ bàtà, ìgbà yẹn ló rí i pé ojú ò ti èmi. Mo tún lọ bá tíṣà ilé ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí n lọ.

Àdùkẹ́

Èmi kì í ṣe òbí. Èmi lọmọ tó jó. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún márùn-ún, mo fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Màmá mi fẹ́ràn mi. Gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń wò láti ojú fèrèsé. Tá a bá ti wọ mọ́tò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ẹsẹ̀ ẹ ò nà tó. Ṣé o rí ọmọ tó wà níwájú ẹ? Fa ikùn ẹ mọ́nú." Ọ̀rọ̀ ikùn yẹn ni kò kúrò lára mi. Aṣọ ijó ballet máa ń fún mọ́ra, dígí sì wà lára ògiri láti òkè délẹ̀. Ọmọ ti ń wo ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò ẹni tó máa bá a wò ó. Nígbà tí mo fi máa pé ọdún mẹ́wàá, mi ò kí ń jẹun lọ́jọ́ kíláàsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa sísanra tàbí pípẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ yín, àní tẹ́ ẹ bá fẹ́ yìn ín. Tí tíṣà bá ń sọ irú ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti bàtà aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fún gbogbo wa, kí ẹsẹ̀ lè dà bíi pé ó gùn láìdáwọ́ dúró. Àwọ̀ osùn yẹn ò bá ẹsẹ̀ tèmi mu, mo sì rò pé ẹsẹ̀ mi ló burú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹgbẹ́ oníjó Dance Theatre of Harlem ní New York, tí Arthur Mitchell bá wọn dá sílẹ̀ ní 1969, ti ń lo ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tó bá àwọ̀ oníjó kọ̀ọ̀kan mu tipẹ́tipẹ́. Ní 2018, Freed of London, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ijó, pẹ̀lú ẹgbẹ́ oníjó Ballet Black gbé bàtà pointe aláwọ̀ ilẹ̀ jáde. Tí ọmọ yín bá dúdú, ẹ bi tíṣà bóyá ó lè wọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Ìbéèrè kékeré ni. Ì bá ti ṣe mí láǹfààní ńlá.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Èmi náà ń wò láti ojú fèrèsé. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè lórí bàtà àti irun. Bàtà tí mo rà fún un tóbi díẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Irun ńkọ́? Ó ní orí ń fọ́ òun tí mo bá dì í.

Ìyá Ìbejì

Ẹ pààrọ̀ bàtà yẹn mà. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, ọmọ sì ń kọsẹ̀ káàkiri. Bàtà ballet gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ mu bí ìbọ̀sẹ̀: ìka ò gbọdọ̀ ká nínú rẹ̀, àyè ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kù níwájú. Èyí tí awọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ odindi ló dáa fún olùbẹ̀rẹ̀ ju èyí tí wọ́n gé sí méjì lọ, torí ẹsẹ̀ ọmọ á ṣiṣẹ́ láti tẹ̀ ẹ́. Okùn tó wà níwájú, ẹ fà á kó bá a mu, ẹ so ó, ẹ gé èyí tó gùn jù, kẹ́ ẹ ki ìyókù sínú. Rọ́bà orí ẹsẹ̀, ẹ rán an nígbà tí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó yẹ. Kó má wọ̀ ọ́ rìn níta. Nínú ilé, tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, kó jó láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, kó má wọ ìbọ̀sẹ̀.

Irun, torí kó má bo ojú àti ọrùn ni. Kò gbọdọ̀ fa awọ orí. Ẹ fi omi rin ín, ẹ kó o jọ, ẹ ká a pẹlẹbẹ, ẹ fi àwọ̀n bò ó, kẹ́ ẹ fi pín-ìnnì há a. Irun tí wọ́n ti dì kéékèèké náà ṣeé ká bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹlẹbẹ, kó má ga bí òkè, torí wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ nígbà míì.

Tíṣà Ijó

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì pé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti fèrèsé kún un. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ń wo òun, ojú ìyá rẹ̀ lá máa wò, kò ní wo tíṣà. Tó bá ṣe àṣìṣe, ọ̀dọ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ yí ojú sí. Ẹ jókòó síbi tí kò ti ní rí yín. Bí ilé ìwé ijó bá ní ọjọ́ tí òbí lè wọlé wòran, ìyẹn tó.

Nínú mọ́tò, ẹ má bi í pé "Ṣé o ṣe dáadáa?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò dáhùn, ìdájọ́ sì ni méjèèjì. Ẹ bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín, tàbí orin wo ló fẹ́ràn jù. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú èdè ijó náà. Èdè Faransé ni gbogbo wa ń lò, ibi yòówù ká ti máa kọ́ ọ: plié ni kíká orúnkún, tendu ni nínà ẹsẹ̀, relevé ni gbígbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ ò ní fi tọ́ ọ sọ́nà o. Kó kàn lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀yin náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ tíṣà. Iṣẹ́ wa máa ń gba pé ká fọwọ́ kan ọmọ láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Tíṣà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ sọ fún ọmọ, ọmọ sì lè sọ pé òun ò fẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọn kì í ti í gbà kí òbí wò rárá, tí wọ́n sì ní kọ́mọ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ má fi ọmọ yín síbẹ̀.

Gbénró

Mo ti pa dà wá. Mo bi ọmọ mi ní ìbéèrè tí Onífísíò ní kí n bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń dun òun lápá òsì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ó ń dun òun nílé ìwé tóun bá jókòó. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun ti sọ, pé mo ní kóun fara dà á.

Mo rántí ọjọ́ náà. A máa rí dókítà lọ́la. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́, mo sì sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹ̀bi tèmi ni.

Onífísíò

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi í, sà. Kó má na ẹsẹ̀ yẹn rárá títí dókítà á fi rí i. Ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi pamọ́. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jíṣẹ́. A ti pààrọ̀ bàtà. Ó ń jẹ nǹkan díẹ̀ kó tó wọlé, a sì ń tètè débẹ̀. Ó sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sunkún lọ́sẹ̀ kejì, ó tún sunkún díẹ̀ lánàá. Tíṣà rẹ̀ ní òun ò tiẹ̀ rántí pé òun sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn.

Lálẹ́, òun ló ń kọ́ mi. Ó le ju tíṣà rẹ̀ lọ. Ó ní plié mi dà bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga, ó sì fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbé àgbọ̀n mi sókè. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá òun lè fọwọ́ kàn mí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí àwọn òbí lè wọlé wòran. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n wá. Ó ní òun máa rò ó.